Ta Ló Ni Bátìrì? Ìtàn Ọjà Ọkọ̀ Akẹ́rù Oníná Mànàmáná

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, irú kámíọ̀ tí ń kó ọjà láti èbúté Kútọnu gba Sàbẹ kọjá lọ sí Parakou, ti ń rìn níbòmíràn láìlo epo rárá, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ayé ti dé ibi tí kò dé rí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń tì ti wà kí ọ̀dà tó kan ojú ọ̀nà kankan ní ilẹ̀ wa. Ó ti ní ọjà tirẹ̀ rí, ọjà ọ̀hún tú, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ipasẹ̀ ọjà náà ni a fẹ́ tọ̀ níhìn-ín, láti Paris títí dé ilẹ̀ Ṣáínà, nítorí ó hàn sí wa pé ìbéèrè kan ló ń pinnu ìgbà tí ó ń kún àti ìgbà tí ó ń tú: ta ló ni bátìrì, ta sì ni yóò ru ewu rẹ̀?

Ní 1859, onímọ̀ ará Faransé kan tí ń jẹ́ Gaston Planté ri àwo òjé méjì bọ inú ásíìdì, ó sì rí i pé wọ́n lè gba iná mànàmáná pamọ́ kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè tún fi iná kún lẹ́yìn tí ó bá tán nìyẹn. Ní 1881, Camille Faure tún un ṣe débi pé ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ní ọdún yẹn kan náà ni Gustave Trouvé gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí bátìrì ń tì ní ìgboro Paris. Karl Benz kò tíì gba ìwé-ẹ̀rí fún ọkọ̀ elépo tirẹ̀ ní Jámánì nígbà náà. Ó di 1886. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1899, Camille Jenatzy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wa ọkọ̀ oníná tí ó pè ní La Jamais Contente ní Achères lẹ́bàá Paris, eré rẹ̀ sì kọjá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ ojú títì kankan tí ó ti sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí, ìbáà ṣe elépo, ìbáà ṣe èyí tí ooru omi gbígbóná ń tì.

Ṣùgbọ́n eré ọ̀tọ̀, ẹrù ọ̀tọ̀. Òjé wúwo. Ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ru òjé púpọ̀, bí òjé bá sì ti ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ni ààyè ẹrù ń dín kù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ akẹ́rù oníná kò fi wá oníbàárà lọ sí ìgbèríko. Ìgboro ló dúró sí, ẹni tí ó sì ń bá du oúnjẹ níbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ elépo bí kò ṣe ẹṣin. Ní New York, ní Chicago àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹṣin ló ń fa bíà, yìnyín, búrẹ́dì, èédú, àti ọjà tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn oníbàárà. Ẹṣin ń jẹun lọ́jọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣàìsàn, ó ń ṣubú kú sójú títì lásìkò ooru, ìgbẹ́ rẹ̀ sì di wàhálà fún ìjọba ìlú. Ọkọ̀ oníná kò mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí wá. Bí ó bá dúró níwájú ilé oníbàárà, kò jẹ nǹkan kan. Bí awakọ̀ bá sì padà gun orí rẹ̀, kò sídìí láti máa fi irin yí ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ elépo ayé ìgbà náà, irin tí ó máa ń ta padà tí ó sì ń ṣẹ́ni lápá. Ilé-iṣẹ́ Walker ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ akẹ́rù bẹ́ẹ̀ ní 1907, kò sì ṣíwọ́ títí di 1942. Thomas Edison pàápàá lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá bátìrì tí yóò sàn ju ti òjé lọ. Èyí tí ó fi níkẹ́lì àti irin ṣe kọ́kọ́ ń jò, ó kó o kúrò lọ́jà, ó sì tún un gbé jáde ní nǹkan bí 1910. Ó lágbára, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Wíwọ́n yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Bátìrì ni ó ń gba owó jù nínú ọkọ̀ náà, òun kan náà sì ni ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí yóò kú. Oníṣòwò tí ó ra ọkọ̀ láti máa fi gbé búrẹ́dì kò mọ nǹkan kan nípa òjé àti ásíìdì. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kí omi bátìrì gbẹ, tàbí tí ó ń lò ó kọjá ibi tí ó yẹ, owó ńlá ti ṣòfò nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1910, ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ilé-iṣẹ́ tí ń ta iná mànàmáná fún ará ìlú, Hartford Electric Light Company, gbé ètò kan kalẹ̀. Oníṣòwò yóò ra ọkọ̀ lásán, láìsí bátìrì nínú rẹ̀. Bátìrì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ iná. Oníṣòwò ń san iye kan lóṣooṣù fún ìtọ́jú, ó sì ń san owó lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rìn. Nígbà tí iná bá fẹ́ tán, ọkọ̀ á yà sí ibùdó, wọ́n á yọ bátìrì tí ó ti rẹ̀, wọ́n á ti èyí tí ó kún bọ̀ ọ́, ọkọ̀ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àdéhùn yìí. Ó gba ewu kúrò lọ́rùn ẹni tí kò lè rù ú, ó gbé e lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú lórí. Ilé-iṣẹ́ iná ní àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ ìṣe bátìrì. Ó ní ẹ̀rọ tí ń pèsè iná. Ó sì ní òru, nígbà tí ilé-iṣẹ́ àti ilé ìtajà ti kógbá wọlé tí iná rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á. Ohun tí ìbá ṣòfò ló ń tà fún bátìrì. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n wọ ètò náà rìn ju 6,000,000 máìlì lọ kí ó tó dópin. Gbogbo ohun tí a ó rí ní Ṣáínà ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ti wà nínú ìwé àdéhùn Hartford yìí, àfi bátìrì tí ó fúyẹ́.

Kí ló wá dé tí ọjà náà fi tú? Àwọn òpìtàn kan máa ń tọ́ka sí ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe, tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912, èyí tí ó ń jí ẹ́ńjìnnì elépo láìfi ọwọ́ yí irin. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, a lè gbà bẹ́ẹ̀. Fún ọkọ̀ akẹ́rù, àwa rò pé ogun ló ṣe é jù. Ní 1916, nígbà tí àwọn Jámánì dojú kọ Verdun, ọ̀nà kan tí ó ti Bar-le-Duc wá, tí àwọn Faransé padà sọ ní Voie sacrée, ni àwọn ọmọ ogun fi ń rí ọ̀pọ̀ jù nínú oúnjẹ àti ọta wọn gbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámíọ̀ elépo ló ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀ tọ̀sántòru. A lè bu epo sínú agolo kí a sì gbé e lọ sí ibikíbi. Iná mànàmáná kò lè kúrò nídìí wáyà ìlú. Nígbà tí ogun parí, àwọn ìjọba kó kámíọ̀ ológun sọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń wà wọ́n àti bí a ṣe ń tún wọn ṣe lójú ogun padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó dára ń gùn sí i láti ìlú dé ìlú. Oníṣòwò kò fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa yí po nínú ìgboro nìkan mọ́. Ní 1924, Hartford pa iṣẹ́ bátìrì rẹ̀ tì.

Ọjà tú, ṣùgbọ́n àwọn ìsọ̀ kan kò kó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ oníná ló ń pín wàrà láti ojúlé dé ojúlé ní ìdájí, nítorí kì í pariwo jí ará àdúgbò. Wọ́n pọ̀ débi pé ní 1967 ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná níbẹ̀ lè kéde pé iye tí ó wà ní ọ̀nà Britain ju ti gbogbo ayé yòókù lápapọ̀ lọ. Ní Faransé, ilé-iṣẹ́ Sovel ní Villeurbanne lẹ́bàá Lyon ń ṣe ọkọ̀ akólẹ̀ oníná, irú tí ń dúró ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn Jámánì sì gba ilẹ̀ Faransé tí epo di ọ̀wọ́n gógó láti 1940, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún rántí bátìrì. Ẹ kíyè sí ohun tí ó so àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí pọ̀: ọ̀nà wọn kúrú, wọn kì í yí i padà, alẹ́ kì í sì í lé wọn bá síta. Ọkọ̀ wàrà tí ó jáde lónìí yóò padà sí àgọ́ kan náà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun tí ó tún pe èrò sí ọjà náà kò ti ọ̀dọ̀ àwọn aṣe-kámíọ̀ wá rárá. Láti àwọn ọdún 1970 ni Stanley Whittingham, John Goodenough àti Akira Yoshino ti ń ṣiṣẹ́, oníkálukú níbi tirẹ̀, lórí bátìrì tí a fi lítíọ́mù ṣe. Lítíọ́mù ni ó fúyẹ́ jù nínú gbogbo irin. Sony gbé e wá sọ́jà ní 1991 fún ẹ̀rọ ayàwòrán àfọwọ́gbé. Tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká gbà á lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n ń rà sì jẹ́ kí owó rẹ̀ máa wálẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ní 2010, bátìrì ọkọ̀ tí ó lè gba kìlówáàtì-wákàtí kan, òṣùwọ̀n kan náà tí SBEE àti CEET fi ń ṣírò owó iná wa, ju 1,000 dọ́là lọ. Ní 2024, ó ti sún mọ́ 115 dọ́là. Èyí tí àwọn kámíọ̀ Ṣáínà ń lò jù ni a fi irin àti fọ́sífétì ṣe. Kò ní kóbáàtì, kò ní níkẹ́lì, kì í sì í tètè gbiná.

Ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀sì. Láti 2009 ni ó ti ń san lára owó ọkọ̀ oníná fún àwọn ìlú, nígbà tí 2017 sì parí, gbogbo bọ́ọ̀sì èrò ìlú Shenzhen, tí wọ́n lé ní 16,000, ti di oníná. Kámíọ̀ ni ó le. Kámíọ̀ ńlá kò lè fara da kí ó dúró ní wákàtí púpọ̀ láti gba iná, nítorí ìṣẹ́jú tí kò rìn kò pa owó. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀ ni ibi tí Hartford ìbá ti wá a: láàárín ilé ìrọrin àti èbúté, láàárín ibi ìwakùsà àti ilé-iṣẹ́ iná, níbi tí kámíọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìjọba yan ìlú 11 láti dán ìpààrọ̀ bátìrì wò, ó sì ya mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá: Tangshan tí ń rọ irin, Baotou, àti Yibin. Níbẹ̀, ẹ̀rọ kan á gbé bátìrì kúrò lẹ́yìn yàrá awakọ̀, á sì gbé òmíràn sí i láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ẹni tí ó ra kámíọ̀ lè ra kámíọ̀ nìkan, kí ó máa háyà bátìrì. CATL, tí ń ṣe bátìrì jù lọ ní àgbáyé, wọ iṣẹ́ ìpààrọ̀ fún kámíọ̀ ńlá ní 2023.

Láti ìgbà náà ni ọjà ti kún. Kámíọ̀ oníná tí a tà ní gbogbo ayé lé ní 50,000 ní 2023. Ní 2024, ó ti ju 90,000 lọ, Ṣáínà sì ni ó ra ju ìdá 80 nínú 100 lọ lára wọn. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2025, nínú kámíọ̀ ńlá márùn-ún tí a tà ní Ṣáínà, ó ju ọ̀kan lọ tí kì í lo epo. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pààrọ̀ bátìrì, nítorí ọ̀pọ̀ ti ń gba iná kíákíá lójú kan báyìí; owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí ó bá fọ́ kámíọ̀ àtijọ́ náà sì ràn án lọ́wọ́. A kò sì níí fi pamọ́ pé èédú ni ó ń pèsè ju ìdajì iná mànàmáná ilẹ̀ náà lọ. Èéfín tí ó kúrò ní ẹnu kámíọ̀, apá kan rẹ̀ ti lọ sí ẹnu ilé-iṣẹ́ iná.

Nípa Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Tesla fi kámíọ̀ rẹ̀ han aráyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọdún márùn-ún sì kọjá kí PepsiCo tó gba àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Nikola, tí ó ti pariwo bíi tirẹ̀, wọ gbèsè ní 2025. Ní Faransé, Renault Trucks ń ṣe tirẹ̀ ní Blainville-sur-Caen láti 2020. Àwọn ọkọ̀ náà dára, síbẹ̀ ní 2024 wọn kò tó ìdá 3 nínú 100 lára kámíọ̀ tuntun tí a rà ní Àjọ Yúróòpù. Òfin ló ń tì wọ́n níbẹ̀ ju èrè lọ: èyí tí wọ́n ṣe ní 2024 ní kí èéfín kábọ́ọ̀nù kámíọ̀ tuntun dín kù pẹ̀lú ìdá 45 nínú 100 ní 2030, àti ìdá 90 ní 2040.

Òfin yìí kan èbúté tiwa. Kútọnu wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ àlòkù Yúróòpù ń sọ̀ sí jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí àwọn ará Yúróòpù bá ti ń bọ́ lọ́wọ́ kámíọ̀ elépo, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn yóò forí lé, ní owó tí yóò máa wálẹ̀ lọ́dọọdún. Owó pọ́ọ́kú yẹn lè pa ọjà bátìrì nílẹ̀ wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kámíọ̀ ológun ṣe pa á lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918. Ethiópíà rí irú ewu bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó fi òfin dé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elépo tí ó ń ti òkèèrè wọlé, nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè tí epo ń gbé lọ ti pọ̀ jù fún un.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kò sí iná tó nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bátìrì kan tí ó wọ́pọ̀ lára kámíọ̀ ìpààrọ̀ Ṣáínà ń gba kìlówáàtì-wákàtí 282. Bí 100 kámíọ̀ bá jẹ bátìrì kọ̀ọ̀kan tán lójoojúmọ́, ó di 28,200, tí a bá sì pín in sí wákàtí 24, kò ju mẹ́gáwáàtì 1.2 lọ. Ilé-iṣẹ́ iná Maria-Gléta tí wọ́n ṣí ní 2019 ní agbára mẹ́gáwáàtì 127. Nangbéto, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ní lórí odò Mono láti 1987, ní 65. Iná tí 100 kámíọ̀ nílò kì í ṣe ohun tí apá wa kò ká. Ọ̀nà náà sì wà: ibùdó ilé-iṣẹ́ Glo-Djigbé kò jìn sí èbúté Kútọnu ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ, ẹrù ń lọ ó ń bọ̀ láàárín méjèèjì bíi ti Tangshan. Ọ̀nà Malanville, tí ó ju kìlómítà 700 lọ, kò tíì kàn.

Owó ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 115 dọ́là fún kìlówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan, bátìrì kan ṣoṣo yẹn sún mọ́ 20,000,000 fráǹkì sefà, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí ó ni kámíọ̀ nílẹ̀ wa kò sì ní ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Kò sí báǹkì tí yóò yá wọn ní irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kò mọ ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹnìkan mìíràn ni yóò ni bátìrì: ilé-iṣẹ́ iná, tàbí èbúté, tàbí ìjọba, tàbí àjèjì tí ó ṣe é.

Àwọn kan nínú wa ti ń gbé nínú àdéhùn Hartford báyìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Láti 2022, ní Kútọnu àti ní Lomé, zémidjan oníná ti ń yà sí ibùdó ìpààrọ̀, kí wọ́n yọ bátìrì tí ó ti tán, kí wọ́n gbé òmíràn bọ inú rẹ̀, kí awakọ̀ san owó kí ó sì máa lọ. Alùpùpù lè jẹ́ tirẹ̀. Bátìrì kì í ṣe tirẹ̀. Iye tí ó ń san, ẹni tí ó ń dá iye náà, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ibùdó kò bá ní bátìrì tí ó kún lọ́wọ́, ibi tí bátìrì tí ó ti kú ń lọ: ìwọ̀nyí ni ohun tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Abomey-Calavi àti ní Lomé lọ bi àwọn awakọ̀ fúnra wọn kí wọ́n sì kọ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ méjì, kí kámíọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tó dé.